Ìpín Ìtàn Ìyá Bassila

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Etí mi kò dí, ẹsẹ̀ ni kò gbé mi mọ́, n kò sì fẹ́ máa pariwo bí ẹni tó wà lórí kámíọ̀ akẹ́rù. Ẹ rí àwọn tó wá láti Kútọnu lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré síwájú mi. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló rán àwọn. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ jọba ní Manigri, ẹni tó mú ẹ̀sìn ìmàle wọ̀lú, ohun tí à ń bọ kó tó dé, àti bí àwa àti àwọn Anii, ẹ̀yà tó ni Bassila, ṣe di aládùúgbò. Ìbéèrè dáadáa ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bi mí ni mo ń rẹ́rìn-ín sínú, nítorí ìbéèrè yìí náà ni òyìnbó kan wá bi wá nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, tí ìjọba Faransé wà lórí wa. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá kan ni kò jẹ́ kí oko wa bá ìbéèrè náà lọ. Ìyá náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, nítorí ẹ ń gbé orí ilẹ̀ tó jà fún, ẹ kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin kò mọ Manigri tí mò ń sọ. Lónìí, ibi tí èèyàn bá yíjú sí, igi kájù ni. Nígbà náà iṣu ni, iṣu ni, iṣu náà ni. Ebè tò lọ láti ẹ̀yìn ilé títí wọ igbó, ọ̀dọ́kùnrin tí kò bá sì lè kọ ebè kò gbọdọ̀ wo ọmọbìnrin lójú. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ń ti oko bọ̀, a kò tíì ní rí òrùlé kankan tí a ó ti máa gbọ́ ìró ọmọ odó. Àwọn obìnrin á yí odó kan ká, bí ọ̀kan ṣe ń gbé tirẹ̀ sókè lèkejì ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀, wọn kì í sì gbá ara wọn lọ́wọ́. Odó ilé kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ti ilé bàbá mi ti sán létí, ó máa ń dún bí ẹni tí òtútù mú. Láti etí odò ni mo ti máa ń dá a mọ̀, màá sì yára ẹsẹ̀. Lónìí, alùpùpù ló ń dún títí ilẹ̀ fi ń ṣú, iyán sì ti di oúnjẹ ọjọ́ àlejò. N kò bínú sí i. Apá ń ro yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò bá gún iyán ní ìrọ̀lẹ́, lójú tèmi, ó dà bí ìlú tí gbogbo ará ibẹ̀ lọ ìdálẹ̀.

Ìtàn ìlú wa kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ní nígbà náà. Wọ́n pín in láàárín àwọn ilé, bí wọ́n ṣe ń pín ẹran ọdún. Ilé Òkè ló ni bí a ṣe rìn dé ilẹ̀ yìí. Ilé ọba ló ni bí wọ́n ṣe ń jẹ tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ìmàle ló ni ti mọ́sáláṣí, àti ti àlejò tó kọ́kọ́ kírun lábẹ́ igi kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ilé Ìsàlẹ̀, ìyẹn ilé bàbá mi, ló ni ti Ahoro. Gbogbo wa la mọ gbogbo rẹ̀ lórí, torí ọdọọdún là ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ ti ilé ẹlòmíràn. Bí àlejò bá bi ọ́, wàá ní, "Kì í ṣe tiwa," wàá sì dákẹ́. Bí a ṣe ń bu ọlá fún ara wa nìyẹn.

Ọjọ́ ìjẹṣu nìkan, nígbà òjò, nígbà tí iṣu titun bá jáde, ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ ìpín ilé rẹ̀ ní ìgbà mìíràn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn nínú ilé náà, kò sì ní sọ ọ́ mọ́ láyé rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan á sọ tirẹ̀ lójú ọba, ti Ahoro ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Nígbà tí ti Ahoro bá parí ni gbogbo odó ìlú tó lè dún, tí ẹnikẹ́ni tó lè fi iṣu titun kan ẹnu, ọba pẹ̀lú.

Mo rántí ọdún kan tí Àlídù, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ṣùkútù ju oúnjẹ lọ, ń sọ ìpín ilé tiwọn. Ọtí ọkà bàbà náà ti gùn ún. Ó sọ tirẹ̀ tán, kò dákẹ́. Ó gba inú ti ilé ọba lọ tààrà, ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ dáadáa ju àwọn tó ni ín lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń fà á láṣọ, kò gbọ́. Kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, wọ́n ti gbé odó rù ú yí ìlú ká, àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé e, wọ́n ń bi í pé ìpín ta ló tún fẹ́ gbà. Títí ó fi kú, bí o bá bi Àlídù bóyá òjò máa rọ̀, á ní, "Kì í ṣe tiwa."

Ìpín ti Ahoro, àwọn obìnrin ilé wa ló ni ín. Ahoro ni ibi tí àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó dé ibi tí a wà yìí, nínú igbó lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kó èèyàn lẹ́rú yọ sí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n lúgọ sẹ́yìn òkè, wọ́n ń dúró kí gbogbo ilé jókòó ti oúnjẹ kí wọ́n tó ya wọ̀lú. Obìnrin kan tó lọ pọnmi rí wọn. Kò pariwo. Ó wọlé, ó sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gba ẹ̀yìn jáde, arúgbó, ọmọdé, aláboyún. Ṣùgbọ́n bí ìró odó bá dákẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin á fura. Ni àwọn obìnrin kan bá dúró, wọ́n ń gún odó tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n ń gún un títí àwọn tó kù fi rìn jìnnà. Àwọn tó dúró kò dé Manigri. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé obìnrin ló ń sọ ọ́, tí ọmọ odó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ máa gúnyán bó ṣe ń sọ ọ́. Egungun rẹ̀ lásán ni mo sọ fún yín yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, àti orúkọ àwọn obìnrin náà tí à ń pè ní ìparí, ẹ kò lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi nínú ọyẹ́ yìí.

Ẹni tó ni ìpín náà nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Bassila ni wọ́n fẹ́ ẹ sí, ọ̀dọ̀ ọkùnrin Anii kan, nítorí náà Ìyá Bassila ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin pẹlẹbẹ ni, kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́, wàá rántí gbogbo ohun tí o ṣe láti àárọ̀.

Ní Ahoro yìí ni Sálífù, ọkọ mi, ń dáko. Kì í ṣe òun nìkan. Ìdajì àwọn àgbẹ̀ Manigri ló wà níbẹ̀, torí ilẹ̀ ìlú ti ṣá. Ilẹ̀ Ahoro dúdú, ó rọ̀, iṣu ibẹ̀ á máa tóbi débi pé èèyàn á gbé e pọ̀n. A máa ń kúrò nílé kí àkùkọ tó dákẹ́, èmi á ru igbá ẹ̀gúsí, òun á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Láti inú iṣu yẹn la ti ń san lampó, ìyẹn owó orí, fún ìjọba. Láti inú rẹ̀ náà ni a ti ń bọ́ ara wa nígbà tí wọ́n bá kó àwọn ọkùnrin lọ ṣe ọ̀nà kámíọ̀ ní Bassila, iṣẹ́ tí kò lérè, tí wọ́n ń fi gáàdì ṣọ́. Bí wọ́n bá gba Ahoro lọ́wọ́ wa, kò sí ohun tó kù tí a ó máa jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé oko ní ọjọ́ kan tí a bá òpó tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ọ̀kan wà láàárín ebè Sálífù gan-an, wọ́n gbẹ́ iṣu jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀. Gáàdì ní ìjọba fẹ́ ti igbó náà pa, kò ní sí oko, kò ní sí iná, kò ní sí igi gígé. Àwọn àgbà lọ bá kòmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, nígbà tó wá sí Bassila. Ó gbọ́ tiwọn dáadáa, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní bí àwọn èèyàn bá ti tẹ̀dó síbẹ̀ rí, òun á yọ ọ́ kúrò nínú igbó ìjọba. Ó ní òyìnbó onímọ̀ kan ń bọ̀, tó ń wádìí ìtàn àwọn ìlú agbègbè yìí, ìjọba wọn, ẹ̀sìn wọn àti àṣà wọn. Ohun tí ẹni náà bá sọ nípa Ahoro ni òun á gbà.

Inú wa dùn. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ta ni kò mọ ìtàn Ahoro?

Onímọ̀ náà dé nígbà ọyẹ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ń dé nígbà ọyẹ́, títí kan àwọn ará Kútọnu yìí, nítorí ọ̀nà gbẹ, ọkọ̀ kì í rì. Wọn kò mọ̀ pé ìgbà tí ọ̀nà là fún wọn gan-an lẹnu wa máa ń wà ní pípadé. Músé là ń pè é. Ó gùn, ó tín-ín-rín, eruku kò jẹ́ kó sinmi sísín, ṣùgbọ́n ó ń mu omi wa láìfajúro, ó sì ń kí àgbà kó tó jókòó. Ògbufọ̀ rẹ̀ jẹ́ ará òkè lọ́hùn-ún, ó gbọ́ èdè wa ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìwà wa. Èmi àti àwọn ìyàwó ilé là ń bu omi fún àlejò, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi.

Àwọn àgbà ti fẹnu kò pé àwọn á fún un ní ìdáhùn kúkúrú nípa ìlú, ìyẹn èyí tí à ń sọ fún àlejò, tí kò dé inú ìpín ilé kankan. Ó béèrè ti ọba, wọ́n dá a lóhùn. Ó béèrè ti ìmàle, wọ́n dá a lóhùn. Ó wá béèrè ti Ahoro, èyí tí kò ní ìdáhùn kúkúrú.

Ògbufọ̀ ní, "Músé ní ta ló gbé Ahoro rí?"

Bàbá Ilé Òkè, ẹni tó dàgbà jù nílùú, ní, "Kì í ṣe tiwa."

"Ta ló wá ni ín?"

"Ilé Ìsàlẹ̀ ni."

Wọ́n yíjú sí àwọn bàbá mi. Àbúrò bàbá mi ní, "Àwọn obìnrin wa ló ni ín. Èyí tó ni ín wà nílé ọkọ, kò sì tíì tó àkókò."

Ògbufọ̀ fajú ro. Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún Músé ní èdè Faransé, Músé sì wo ojú wọn yíká, ó ní kí ògbufọ̀ bi wọ́n bóyá kò sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ rárá. Ó béèrè pẹ̀lú sùúrù, ó fẹ́ gbọ́. Gbogbo àgbà tẹ orí ba. Gáàdì tó dúró lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí Manigri ṣe fi òfin tirẹ̀ sọ Ahoro di igbó tí kò ní olúwa rẹ̀ nìyẹn, lójú àwọn tó ń dáko síbẹ̀. Bàbá Ilé Òkè fúnra rẹ̀ ní ebè níbẹ̀.

Èmi tí mo di igbá omi mú, mo mọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Bassila ló kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè, kì í ṣe tèmi. Inú bí mi débi pé mo da omi sí ẹsẹ̀ ògbufọ̀. N kò tọrọ àforíjì.

Nígbà tí a délé, mo sọ fún Sálífù pé mò ń lọ sí Bassila ní òwúrọ̀.

Ó ní, "Kò ní sọ ọ́. O mọ ìyá rẹ."

Mo ní, "Kó sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi."

Ó wò mí, kò bá mi jiyàn mọ́. Ó lọ sídìí àká, ó ṣa iṣu Ahoro tó dára jù, ó dì í fún mi. Nítorí ohun tó ṣe yẹn ni n kò ṣe kábàámọ̀ rí pé mo fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ ọjà Bassila ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Àwọn Anii ti tẹ́ òrí àti oyin sílẹ̀, àwọn ará Pénéssoulou ń sọ ẹrù kalẹ̀, èrò Manigri náà sì pọ̀ níbẹ̀. Músé wà lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ jọ. Alédjo ló ń lọ láti ibẹ̀, kò sì ní padà gba ọ̀dọ̀ wa. Mo bá Ìyá Bassila lẹ́yìn ilé, ó ń fọ irú. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kú? Ojú rẹ kò jọ ti ẹni tó wá ná ọjà."

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá mi. Ahoro ni wọ́n fẹ́ gbà."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dáwọ́ irú fífọ̀ dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "O fẹ́ kí n sọ ọ́ nínú ọyẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi."

"O mọ ohun tí wọ́n á ṣe fún mi."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Gbọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, Anii ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi wí. Oúnjẹ wọn ni mò ń jẹ, òkú wọn ni mò ń sọkún. Wọn kò fi ìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìjẹṣu nìkan ni ìlú mi ń pe orúkọ mi. Bí wọ́n bá gba ìyẹn, kí ni mo tún ń bá lọ sí Manigri?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Ohun tó wà níkùn mi ni mo sọ. Mo ní, "Bí wọ́n bá ti Ahoro pa, ìyá mi, ta ló máa kó iṣu wá tí ẹ ó máa gún lọ́jọ́ ìjẹṣu?"

Ìyá Bassila tún ki ọwọ́ bọ irú. Ọkọ rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú oòrùn, bú sẹ́rìn-ín. Ó fi èdè wa sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn Anii rẹ̀: "Ẹ̀yin Nago yìí, ẹ kì í lè la ẹnu láìsí iṣu níbẹ̀."

Ìyá Bassila yíjú sí ẹrù mi. "Iṣu ibo lo gbé wá yẹn?"

"Iṣu Ahoro ni."

"Gbé e kaná."

Nígbà tí iṣu jinná, àwọn orogún rẹ̀ bá wa gbé odó, a sì gba àárín ọjà kọjá. Àwọn Anii rò pé ẹrù ìyàwó tuntun là ń gbé lọ, wọ́n ń kí wa kú oríire. Ó ní kí a gbé odó kalẹ̀ níwájú Músé. Ògbufọ̀ fẹ́ lé wa. Ìyá Bassila wò ó, ó ní, "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹni tó ni Ahoro ló dé. Kó jókòó." Ògbufọ̀ sọ ọ́, Músé sì jókòó.

Ìyá Bassila ti ọmọ odó bọ odó, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti gbọ́ ìtàn náà lọ́dọọdún láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ odó ń lọ, ọ̀rọ̀ ń lọ, kò yára, kò fà á. Àwọn ará Manigri tó wà lọ́jà sún wá. Nígbà tí wọ́n mọ ohun tó ń sọ, àwọn kan yí ẹ̀yìn padà kí wọ́n má bàa jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó pe orúkọ àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ọmọ odó kalẹ̀. Músé ní kí wọ́n bi í bí òun ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ni. Inú kò bí Ìyá Bassila. Ó ní kó lọ wo orí àpáta, kó wo ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà títí òkúta fi jìn, kó sì wo kànga tí wọ́n fi òkúta tò lẹ́nu, tí igbó ti bò. Ó ní ọmọ òun á mú un lọ.

Èmi ni ọmọ náà. Èmi àti Sálífù la mú un dé ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí àpáta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú àwọn ojú ọlọ náà, ó pẹ́ níbẹ̀. N kò mọ ohun tó ń rò. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àwọn gáàdì wá hú òpó, wọ́n lọ rì wọ́n sí ìkọjá odò, lẹ́yìn Ahoro. Sálífù jó lórí ebè títí ó fi ṣubú.

Ìlú jẹ iṣu Ahoro, ìlú sì dá Ìyá Bassila lẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ní ó sọ ìpín rẹ̀ nínú ọyẹ́, ní ọjà, láìsí àwọn ilé tó kù níbẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún mi. Mo lọ bá Bàbá Ilé Òkè.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ń jẹ nínú ohun tó fi ẹnu rẹ̀ gbà sílẹ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ̀ǹda fún un, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹlòmíràn á sọ tirẹ̀ nítorí ẹ̀bùn, ẹlòmíràn á sọ ọ́ nítorí ọtí. Kò ní sí ìtàn mọ́, ariwo ló máa kù."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló sọ. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ jíṣẹ́ fún Ìyá Bassila. Ó ní, "Gbà á. O mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì rí i pé ó ń sọkún. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu ohun tí mo máa ṣe. N kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, kódà Sálífù.

Ọjọ́ ìjẹṣu dé. Àwọn àna wa Anii wá láti Bassila, Ìyá Bassila sì bá wọn jókòó láàárín àwọn àlejò, nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Ilé Òkè sọ tiwọn. Ilé ọba sọ tiwọn. Àwọn ìmàle sọ tiwọn. Iṣu titun ń yọ èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo odó. Wọ́n pe Ilé Ìsàlẹ̀. Mo dìde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, gbogbo ojú wà lára mi. Mo gbé ọmọ odó kalẹ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe tiwa níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín bá wà láàyè. Ó jókòó lọ́hùn-ún."

Bàbá Ilé Òkè pe obìnrin mìíràn nílé wa. Ó dìde, ó wò mí, ó gbé tirẹ̀ náà kalẹ̀. Bàbá pe ìkẹta, bákan náà ni. Ó wá bínú, ó ní kí gbogbo obìnrin ìlú kúkú máa gúnyán wọn láìsí ìtàn, òun ló pàṣẹ. Kò sí odó tó dún. Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀, arúgbó tó ti ń bá a gbé láti ìgbà èwe, rọra fi ọmọ odó tirẹ̀ ti ògiri, ó sì jókòó lórí àpótí bí ẹni tó fẹ́ wo òjò.

A jókòó bẹ́ẹ̀. Oòrùn yí. Àwọn ọmọdé ń sọkún ebi. Ọba kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó jẹun, nítorí náà ó ń wo ilẹ̀. Èéfín iṣu dín, ó dín, kò sí mọ́. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n n kò mú ọmọ odó náà nílẹ̀.

Níkẹyìn, Bàbá Ilé Òkè dìde fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rìn gba àárín gbangba kọjá, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò.

Ó ní, "Ìyá Bassila, iṣu ń tutù."

Ó dáhùn pé, "Mo rí i, bàbá."

"Apá rẹ ṣì gbé ọmọ odó?"

"Ó gbé e."

"Ọdọọdún ni kó máa gbé e. Ìlú á san ìtanràn fún ara rẹ̀ nítorí ọjọ́ ọjà yẹn, kò kàn ọ́ mọ́. Dìde."

Ó dìde. Ó wá síbi tí mo wà, ó mú ọmọ odó mi nílẹ̀, kò wo ojú mi, torí bó bá wò mí, àwa méjèèjì kò ní lè sọ ohunkóhun. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pe orúkọ tó gbẹ̀yìn, gbogbo odó Manigri dún lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì sọkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n iṣu ti tutù pátápátá. Ẹ mọ bí iṣu tútù ṣe ń rí lábẹ́ ọmọ odó. Bí ẹ gún un dọ̀la, kókó ni. Iyán oníkókó ni gbogbo ìlú jẹ fún ìtanràn lọ́dún náà, ọba pẹ̀lú. Bàbá Ilé Òkè jẹ tirẹ̀ tán, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá.